Throttle body: kí ló ń ṣe nínú mọ́tò, ṣé èyí tí kò wọ́n náà lè ṣiṣẹ́?

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, "tẹná". Tí mọ́tò bá ń fà, a ó ní "tẹná sí i jàre", a sì gbà pé epo là ń fẹsẹ̀ tẹ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì. Nínú mọ́tò tó ń lo bẹntiróòlù, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, atẹ́gùn lẹ ń tẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lójú ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, bẹ́ ẹ bá ti tẹ pẹ́dà ilẹ̀kùn yẹn á ṣí, atẹ́gùn á rọ́ wọlé, bréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) á wo bó ṣe pọ̀ tó, ìgbà yẹn ló tó máa sọ iye epo tí injector (ẹnu tó ń fọ́n epo) máa tú sí i, ó máa ń sún mọ́ kílò atẹ́gùn 14.7 sí kílò epo kan. Ilẹ̀kùn yẹn pẹ̀lú ilé tó wà nínú ẹ̀ ló ń jẹ́ throttle body.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ilé fíltà atẹ́gùn, ẹ tẹ̀ lé róbà dúdú gbọ̀rọ̀ tó ti ibẹ̀ jáde, ibi tí róbà yẹn parí sí kó tó kan manifold (ọ̀nà tó ń pín atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìnnì), nǹkan aluminiọ́ọ̀mù ribiti tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀, òun náà nìyẹn. Inú ẹ̀ ni àwo pẹlẹbẹ kan wà tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbà láàárín, tó ń yí ṣí tó ń yí dé, àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní butterfly.

Oríṣi méjì ló wà, ibẹ̀ sì ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò lọ́jà. Ti àtijọ́ ní wáyà irin tó ti ibi pẹ́dà lọ fa butterfly ṣí, ó wá ní fáàfù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní atẹ́gùn díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ yín ò bá sí lórí pẹ́dà. Ti ìgbàlódé ò ní wáyà fífà mọ́, pẹ́dà yín ti di sẹ́ńsọ̀ lásán, ó ń sọ fún bréènì bọ́ọ̀sì pé "ó fẹ́ báyìí", bréènì bọ́ọ̀sì á rán iná sí mọ́tọ̀ kékeré tó wà lára throttle body pé kó ṣí i, sẹ́ńsọ̀ méjì míì á tún jábọ̀ pé "ó ti ṣí báyìí". Ẹ wo Corolla tó wá láti Amẹ́ríkà, 2003 àti 2004 ṣì ní wáyà, láti 2005 ló ti di ti iná, bẹ́ẹ̀ mọ́tò yẹn jọra wọn lójú títì bí ìbejì. Ẹni tó bá kàn débẹ̀ tó ní "ẹ fún mi ní ti Corolla", ó ti kó sí i nìyẹn.

Kí ló ń bà á jẹ́? Ìdọ̀tí ló kọ́kọ́ ń bá a jà. Èéfín òróró máa ń ti inú ẹ́ńjìnnì gba ẹnu breather (ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí) padà wá sí ojú ọ̀nà atẹ́gùn, ó á lẹ̀ mọ́ etí butterfly, eruku tó gba inú fíltà kọjá á pàdé ẹ̀ níbẹ̀ (àwa tá a máa ń fẹ́ fíltà pẹ̀lú compressor ká tún dá a padà, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́), ó á wá di dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà nínú gosílò, atẹ́gùn díẹ̀ tó yẹ kó gba etí yẹn kọjá ò ní rọ́nà, mọ́tò á gbọ̀n, á kú, pàápàá tí AC bá wà lórí. Ìyẹn, ọṣẹ ló ń fẹ́, kò tíì di ọ̀rọ̀ pààrọ̀. Ẹ ra throttle body cleaner, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Ẹ má fi sáńpépà ha á, torí àwọn kan ní ọ̀dà tín-ínrín kan ní etí tí kò gbọ́dọ̀ ṣí. Tó bá sì jẹ́ ti iná, ẹ má ti ìka bọ ibẹ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lórí, mọ́tọ̀ yẹn lè pa á dé lójijì, ìka èèyàn á sì há síbẹ̀.

Pààrọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ohun tó bàjẹ́ bá jẹ́ nǹkan inú ẹ̀, bíi gíà róbà líle tó ti jẹ, mọ́tọ̀ tó ti rẹ̀, tàbí sẹ́ńsọ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu mọ́. Tí sẹ́ńsọ̀ méjì bá ń sọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bréènì bọ́ọ̀sì ò ní gba ìkankan gbọ́, ó á gé iná mọ́tọ̀ yẹn, sípíríìnì á wá di butterfly mú níbi tó ṣí díẹ̀, mọ́tò á máa rá bí ìgbín. Síkáànù (ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe tí bréènì bọ́ọ̀sì rí) á gbé kóòdù P2135 wá, tàbí P2111 tó bá jẹ́ pé ó há ní ṣíṣí, P2112 tó bá jẹ́ pé ó há ní dídé. Kóòdù nìkan ò tó dájọ́ o, wáyà tí eku jẹ àti pulọ́ọ̀gì tó ṣí díẹ̀ lè fa èyí kan náà, kí réwáyà (ẹni tó ń ṣe iná mọ́tò) yẹ wáyà wò kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Tèmi, Corolla 2006 ni. Mo ti pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná (spark plug), mo ti pààrọ̀ fúẹ́ẹ̀lì pọ́m̀pù, torí ẹni tó ń ṣe é fún mi nígbà yẹn, orí ni ó fi ń síkáànù. Ọjọ́ tó dá mi dúró ní Ìbàfò lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí tírélà ń kọjá lára mi tí mi ò lè sáré ju kẹ̀kẹ́ lọ, ọjọ́ yẹn ni mo tó lọ síkáànù, P2135 ló gbé wá. Ó wá di Ládípò, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò l'Ékòó.

Lọ́jà, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n máa gbé síwájú yín. Orígínà inú páálí ilé iṣẹ́ mọ́tò, tí owó ẹ̀ lè mú kẹ́ ẹ jókòó. Tókunbọ̀ tí wọ́n tú lára mọ́tò òkè òkun, tí wọ́n ń pè ní Belgium, ojúlówó ni lóòótọ́ ṣùgbọ́n ẹ ò mọ iye ọdún tó ti lò, gíà inú ẹ̀ lè ti jẹ bíi tiyín. Ẹ̀kẹta ni aftermarket, ìyẹn tuntun tí ilé iṣẹ́ míì ṣe tó sì fi orúkọ ara ẹ̀ tà, kì í ṣe ayédèrú. Ayédèrú ni èyí tó jí orúkọ olórúkọ kọ sára páálí. Nínú aftermarket gan-an ipò wà, torí àwọn bíi Bosch, Pierburg àti Hitachi, àwọn fúnra wọn ló ń ṣe throttle body fún àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò kan, tí wọ́n bá wá tà á nínú páálí tiwọn, ó sábà máa ń dín. Èyí tí kò ní orúkọ kankan ló máa ń pọ́ọ́kú jù, mo rà á rí, mi ò sọ pé kò dáa, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ inú ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mú wàhálà wá.

Ẹ tú ti tẹ́lẹ̀ dání lọ ni o. Ẹ fi nọ́ḿbà ara wọn wéra, ẹ ka ẹsẹ̀ inú pulọ́ọ̀gì, ti iná sábà máa ń jẹ́ mẹ́fà, ẹ gbé ojú ihò bóòtù léra, ẹ wọn ẹnu ẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ní imú méjì tí omi rádíétọ̀ ń gbà. Àwọn kan máa ń gbé ti iná sókè sí oòrùn, tí wọ́n bá rí ìmọ́lẹ̀ létí butterfly wọ́n á ní kò dé dáadáa, rárá, bó ṣe máa ń wà nìyẹn tí iná ò bá sí lára ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bá ọlọ́jà sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó bóyá ó máa gbà á padà, ohun tó bá ti ní iná nínú, púpọ̀ wọn kì í fẹ́ rí i mọ́ tó bá ti wọ mọ́tò.

Wíwọ̀ ẹ̀ ò le, bóòtù mẹ́rin ni tèmi, sípánà 10. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ yọ orí bátìrì, gasket (ohun tó ń dí àlàfo láàárín òun àti manifold) tuntun ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè fà á mì. Aluminiọ́ọ̀mù ni, ẹ má fún bóòtù bíi ti táyà.

Ìgbà tá a wọ tèmi tán tá a tanná sí i, réèfù (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) gun 1,800 kò sọ̀ mọ́. Mẹkáníìkì ní, "Ọ̀gá, féèkì ni wọ́n tà fún yín." Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ìyàwó mi kí n lọ fa ọlọ́jà yẹn láṣọ ya, réwáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ní ká dúró. Àlàyé ẹ̀ ni pé bréènì bọ́ọ̀sì ti kọ́ láti máa ṣí èyí tó dọ̀tí sí i ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń ṣí tuntun bẹ́ẹ̀ náà, atẹ́gùn wá pọ̀ jù. A yọ orí bátìrì fún ìṣẹ́jú mélòó kan, a dá a padà, a tanná láìtẹ pẹ́dà, AC pa, rédíò pa, a fi í sílẹ̀ títí fáànù fi ṣiṣẹ́, réèfù sọ̀ wá sí 700. Toyota gba bẹ́ẹ̀. Nissan kì í sábà gba bẹ́ẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ pẹ̀lú pẹ́dà tàbí síkáànù, Volkswagen náà fẹ́ kí síkáànù bá a ṣe é.

Èyí tá a yọ ṣì wà nínú búùtù mi. Mẹkáníìkì ti bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí n fi ta òun lọ́rẹ, mi ò tíì dá a lóhùn, mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ mọ́tò ẹni tó fẹ́ lọ wọ̀ ọ́ sí.