Ẹ̀rọ 250 tọ́ọ̀nù àti ife fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: ohun tí ẹ ń bi wá

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìkéde kan ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn l'Ájàṣẹ́. Ẹnìkan ní ẹ̀rọ àlòkù ní Kútọnu, ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike, tó sì ń tì í sínú irin kó lè di ife. "250 tọ́ọ̀nù," ló kọ, "ó dára fún ife dègè, ife yáọ́ọ̀tì àti ìdérí wọn." Ó fi àwòrán mẹ́rin àti ìwé kan tó kún fún nọ́ńbà ránṣẹ́, ó ní kí àwọn oní-dègè, àwọn tó ń ta wàrà kíkan tí wọ́n pò mọ́ hóró ọkà, da owó jọ kí wọ́n wá rà á. Àwọn ìyá kan ní ọjà Ouando ti ń ṣe ìpàdé lé e lórí. Ìbéèrè tó wọlé sọ́dọ̀ wa kò kéré. Èyí tó wọ́pọ̀ jù la mú.

250 tọ́ọ̀nù yẹn, ṣé bí ẹ̀rọ náà ṣe wúwo tó nìyẹn?

Rárá o. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ ni, a ó kọ́kọ́ tún afárá Àjàṣẹ́ kọ́ kó tó lè wọ̀lú.

Kí ló wá jẹ́?

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Hóró ike, wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì, ń bọ́ sínú páìpù gbígbóná kan. Skúrù gbọọrọ kan ń yí nínú páìpù náà, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń pò ó, títí ike yóò fi yọ́ ní nǹkan bí 220 sí 250°C. Skúrù yìí náà ni yóò sún síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò ti ike yíyọ́ wọ inú irin méjì tó pàdé, tí wọ́n ti gbẹ́ ihò ife sí nínú. Irin yẹn là ń pè ní múùlù. Omi tútù ń gba inú irin kọjá, ike á dì, irin á là, ife á já bọ́.

Ike tó ń wọlé tipátipá máa ń fẹ́ ya irin méjèèjì nípá. 250 tọ́ọ̀nù ni ipá tí ẹ̀rọ yìí lè fi tẹ̀ wọ́n mọ́ra. Tí ipá ìdìmú yìí kò bá tó, ike á sá gba àárín irin jáde, etí ife á sì ní awọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lè gé ọmọdé ní ètè.

Ṣé 250 wá tó fún ife dègè?

Mo ra dègè lọ́jọ́ Àìkú, mo lá a tán, mo fi rúlà wọn ife rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 95 mm, ìdí rẹ̀ 70, gíga rẹ̀ 100. Tí a bá wò ó láti òkè, ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 71 cm². Fún ike tó nípọn, àwọn oníṣẹ́ máa ń ka 0.3 sí 0.45 tọ́ọ̀nù lé cm² kan. Fún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á kà á sí 0.6 sí 0.8, nítorí pé ipá tí wọ́n fi ń tì í wọlé ju ti ìyókù lọ. Ẹ jẹ́ ká mú 0.7: ife kan gba 50 tọ́ọ̀nù, múùlù oníhò mẹ́rin gba 200. 250 tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Ẹni tó kọ ìkéde kò parọ́ níbẹ̀. Ohun tó kọ wínníwínní sí ìsàlẹ̀ ìwé ló yẹ ká bá a sọ.

Kí ló kọ wínníwínní?

Ìyára. Ó wà níbẹ̀ kedere fún ẹni tó bá wọ awò: skúrù 45 mm, ìyára ìtì 110 mm/s. Ẹ̀rọ tó ń ṣe àga àti abọ́ tó nípọn ló ń ní nọ́ńbà báyẹn.

Ẹ wo ìyá tó ń dì ẹ̀kọ. Èyí tó dà sínú ewé nípọn, ó máa pẹ́ kó tó dì. Ṣùgbọ́n tí díẹ̀ bá ta sára ìdérí ìkòkò tó ti tutù, kó tó ṣàn dé etí ló ti di awọ. Bí ike ṣe ń ṣe nínú múùlù nìyẹn. Ògiri ife dègè kò ju 0.5 mm lọ, irin tútù sì yí i ká. Bí ike ṣe ń wọlé ló ń dì láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì, tí ọ̀nà àárín ń há mọ́ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Láti àárín ìdí ife dé etí rẹ̀ lókè, ọ̀nà tí ike máa rìn jẹ́ 35 mm lórí ìdí àti 100 mm lára ògiri: 135 mm. Ẹ fi 0.5 pín in, ẹ ó rí 270. Níbi tí èsì yìí bá ti kọjá 200, iṣẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gidi là ń sọ, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n tún ṣírò ọ̀kan sí i, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ife mẹ́rin irú èyí jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 54. Kí skúrù 45 mm tó lè ti gbogbo rẹ̀ wọlé, ó máa sún síwájú ní nǹkan bí 45 mm. Ní 110 mm/s, ìyẹn gba ìṣẹ́jú àáyá 0.4. Ní 400 mm/s, ó gba 0.11. Ẹ̀yin lè ní kí ni ìyàtọ̀, nígbà tí ojú kò tilẹ̀ lè ká a. Ike máa ká a. Mo ti dúró ti ẹ̀rọ tí kò yára rí, ní ilé iṣẹ́ kékeré kan lójú ọ̀nà Kútọnu. Ife tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ṣì ń gbóná. Ìdí rẹ̀ dára, ògiri rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ rí bí ohun tí eku jẹ. Ọ̀gá ní kí ọmọ iṣẹ́ fi iná kún un. Ó fi kún un. Ike bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń rùn, eku kò sì fi etí ife sílẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún ife fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 300 mm/s. Àwọn kan ń dé 1000. Kí ẹ sì tún bèèrè bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó dé ìyára yẹn. 45 mm péré ni ìrìn rẹ̀. Kí wá ni àǹfààní ọkọ̀ tó jẹ́ pé ìgbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ gíà tó kẹ́yìn?

Ẹ jẹ́ ká kúkú ṣe ife náà kó nípọn.

Ó ṣeé ṣe. Ní 1 mm, ìlọ́po méjì ike lẹ ó máa rà, àkókò ìtutù nínú múùlù á sì tó ìlọ́po mẹ́rin, nítorí pé bí ìnípọn bá di méjì, ìtutù ń di mẹ́rin ni. Oníbàárà á wá máa rò pé ife lẹ ń tà, tí ẹ fi dègè ṣe ènì.

Ṣé ẹ̀rọ yìí nìkan ló ń ṣe ife ni?

Èyí ló yẹ kí gbogbo wa ti kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ yí ife yín dé. Tí ẹ bá rí ohun kékeré kan tó yọ bí orí abẹ́rẹ́ ní àárín ìdí rẹ̀, ibẹ̀ ni ike gbà wọlé. Ẹ̀rọ tó ń ti ike sínú múùlù ló bí i. Tí ìdí rẹ̀ bá dán, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ dájú pé ẹ̀rọ mìíràn ló ṣe é: èyí tó ń mú ike pẹlẹbẹ tó gùn bí aṣọ, tó ń fi ooru mú un rọ̀, tó wá ń fi ọ̀pá àti afẹ́fẹ́ tì í wọ ihò. Mo yí ife méje dé lórí tábìlì mi. Márùn-ún nínú wọn ni kò ní orí abẹ́rẹ́.

Ife tí a fi ń mu omi lóde ìnáwó tí a sì ń jù nù, ọ̀nà aṣọ ike yẹn ló rọrùn fún un. Èyí tí ẹ fẹ́ kí ìdérí rẹ̀ dún pa kó sì di, tí ẹ fẹ́ kó dúró gírí bí wọ́n bá to ogún lé ara wọn, tàbí tí ẹ fẹ́ kí àwòrán wọ̀ ọ́ lára láti inú múùlù, ti ẹ̀rọ ìtì ni. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ kó tó mọ irú ife tó fẹ́ ṣe, ó ti gbé kẹ̀kẹ́ síwájú akọ màlúù.

Ti Ṣáínà ni ká rà, tàbí ti Yúróòpù?

Ìyára, ipá àti ẹni tó máa tún un ṣe ní Kútọnu lẹ fẹ́ rà, ẹ kò ra orílẹ̀-èdè.

Èyí tó ń lo ọ́ìlì ńkọ́, àti èyí tó ń lo iná nìkan?

Èyí tó ń lo iná nìkan kì í jẹ kùráǹ púpọ̀, ó mọ́ tónítóní, àmọ́ owó rẹ̀ ga, bí mọ́tò rẹ̀ bá sì bàjẹ́ kì í ṣe ohun tí ẹ ó rí ní ọjà. Èyí tó ń lo ọ́ìlì wọ́pọ̀ láàárín àlòkù. Kó tó lè yára tó, ó nílò ìgò irin kan tó ń kó agbára pamọ́ tí yóò tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ìkéde, n kò rí ìgò kankan.

Kùráǹ wa yìí lè gbé e?

Irú ẹ̀rọ yìí, mọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ń mú páìpù rẹ̀ gbóná, lè lé ní 50 kW, ẹ kò sì tíì ka ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù. Wáyà mẹ́ta lẹ máa gbà lọ́wọ́ SBEE, ilé iṣẹ́ iná, kì í ṣe ti ilé. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ike tó wà nínú páìpù kò ní bá a lọ. Ibẹ̀ ni yóò wà tí yóò máa jó díẹ̀díẹ̀ tàbí kó dì. Ẹ ó fọ páìpù, ẹ ó dúró kó tún gbóná, ife àkọ́kọ́ á wá jáde pẹ̀lú àwọ̀ tíì. Lílọ iná lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ lè jẹ èrè ọjọ́ náà tán.

Kànga wà lẹ́yìn ilé wa. Ṣé omi rẹ̀ kò tó?

Omi kànga Àjàṣẹ́ tutù fún ẹni tó ń wẹ̀. Múùlù ife fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábà ń fẹ́ omi bí 10°C, tó ń yípo nínú ẹ̀rọ tirẹ̀, tí kò ní ìdọ̀tí tó lè dí ojú ọ̀nà tín-ín-rín inú irin. Níhìn-ín gan-an ni ilẹ̀ wa ń dá nǹkan sí i: ẹ mọ bí ìgò bíà tútù ṣe máa ń làágùn bí wọ́n bá gbé e sórí tábìlì lọ́sàn-án? Múùlù tútù máa ń làágùn bẹ́ẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ọ̀sà yìí. Òógùn náà á kán sínú ihò, ife á ní àpá, irin olówó ńlá á dógùn-ún. Yàrá tí wọ́n sé, tí wọ́n sì gbẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, lọ̀nà àbáyọ, owó mìíràn sì tún nìyẹn.

Ṣebí ìjọba ti fòfin de ike?

Òfin ilẹ̀ Benin 2017-39 ti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017 de ọ̀rá, ìyẹn sásẹ́ẹ̀ tí kì í jẹrà: ṣíṣe é, kíkó o wọlé, títà á, lílò ó. Ife líle kì í ṣe sásẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ èyí kó wá rò pé kò sí ẹni tó máa bi òun léèrè ohunkóhun. Ohun tí oúnjẹ máa wọ̀ lẹ ń ṣe, ilé iṣẹ́ sì lẹ fẹ́ dá sílẹ̀. Ẹ lọ bèèrè ìwé tó yẹ kí ẹ̀rọ tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá dé.

Ṣé a lè ṣa ike nílẹ̀, ká lọ̀ ọ́, ká fi ṣe ife?

Ife oúnjẹ kọ́. Ẹ kò mọ ohun tó ti wà nínú ike yẹn rí, epo ọkọ̀ ni o, oògùn kòkòrò ni o. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣàn dọ́gba. Ike tí iṣẹ́ yìí ń lò ni PP, èyí tó ní 5 nínú onígun mẹ́ta, irú tó ń ṣàn dáadáa: kí MFI, nọ́ńbà tó ń sọ bí ike ṣe ń ṣàn tó bó bá yọ́, tó wà nínú ìwé tó bá àpò wá tó 40 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé ó bá oúnjẹ mu.

Ará Sabẹ ni mí, wàrà ni mò ń tà, ife bí 500 lọ́sẹ̀.

Ẹ ra ife, Ìyá wa. Ẹ má ra ẹ̀rọ.

Ife mélòó ni ẹ̀rọ tó dára máa ń ṣe gan-an?

Ká ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ló ń gbà kí ife mẹ́rin tó jáde: 2,880 ní wákàtí kan, 23,040 ní wákàtí mẹ́jọ. Ike tó máa jẹ lóòjọ́ jẹ́ nǹkan bí 311 kg, àpò 25 kg méjìlá àti àbọ̀. Ìbéèrè tèmi padà sí ìpàdé Ouando ni pé: ta ló máa lá dègè 23,000 lójoojúmọ́?

Bí wọn kò bá lè lá a, ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ lè ra múùlù nìkan kí ẹ gbé e fún ilé iṣẹ́ tó ti ní ẹ̀rọ tó yára, kí wọ́n máa tẹ ife yín bí ẹ bá ti fẹ́ ẹ. Múùlù náà kì í ṣe ohun kékeré o, òun náà lè ná owó tó tó ti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n tiyín ni yóò jẹ́, ẹ lè gbé e kúrò níbẹ̀ nígbàkigbà.

Ewu wo ló wà níbẹ̀ tí ẹni kan kò sọ?

Ìgò irin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀tá tí kì í sùn ni. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pa ẹ̀rọ, agbára ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tú bóòtù rẹ̀ kó tó jẹ́ kí ipá inú rẹ̀ jáde lè kú sórí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ nitrogen nìkan ló ń wọ inú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun máa fi ọ́síjìn tí àwọn wẹ́dà ń lò kún un, ẹ lé e jáde: ọ́síjìn àti ọ́ìlì lábẹ́ ipá, ìbúgbàù ni. Èkejì ni ìlẹ̀kùn ààbò ẹ̀rọ. Wọ́n máa ń so ó kó lè wà ní ṣíṣí kí iṣẹ́ lè yá. 250 tọ́ọ̀nù kò mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí ike.

Mo ti san àsansílẹ̀ ńkọ́?

Ẹ má jà. Ẹ lọ bá a pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì, kí ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ò ní san ìyókù àfi bí ẹ̀rọ náà bá tẹ ife 0.5 mm fún wákàtí méjì lójú yín, pẹ̀lú múùlù oníhò mẹ́rin, àti pé bí kò bá lè ṣe é, àsansílẹ̀ ń padà. Ẹ mú rúlà dání. Ẹ wọn àyè tó wà láàárín ọ̀pá irin mẹ́rin iwájú ẹ̀rọ, kí ẹ mọ̀ bóyá múùlù yín tilẹ̀ lè wọ ibẹ̀. Ẹ ka ife tó jáde, ẹ ka èyí tí eku jẹ lọ́tọ̀. Bó bá ní iná kò sí lónìí, ẹ ní ẹ ó padà wá lọ́la.