Àgbọ̀n ló wú, kí ló dé tó jẹ́ ọrùn ni wọ́n fẹ́ là?

Ìròyìn kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù: àgbọ̀n obìnrin kan wú, eyín rẹ̀ ń mì, dókítà wá ní ọrùn lòun máa ṣiṣẹ́ abẹ sí. Ọ̀pọ̀ ní dókítà náà ṣìnà. Kò ṣìnà.

Kí ló kan ọrùn níbẹ̀?
Ọ̀pọ̀ wa ló ní ẹ̀yà ara kékeré mẹ́rin nínú ọrùn, tí wọ́n ń pè ní parathyroid. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju hóró ìrẹsì lọ. Bí kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ bá dínkù, wọ́n á tú èròjà kan tó ń jẹ́ PTH jáde, egungun á sì yọ̀ǹda díẹ̀ nínú tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá wú, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́. Á máa fa kálísíọ́mù jáde lára egungun, bí ti inú ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ ti pọ̀ jù. Ibi tí egungun bá ti jẹ, irú bí egungun àgbọ̀n, ẹran rírọ̀ á hù síbẹ̀ bíi kókó, ẹ̀jẹ̀ á máa sun sínú rẹ̀. Irin inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń sọ kókó náà di aláwọ̀ búráwùn.

Ṣé jẹjẹrẹ ni?
Kókó àgbọ̀n yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ṣé gààrì Ìjẹ̀bú ló fà á?
Rárá.

Ẹ̀ẹ́ṣe tí wọn ò kọ́kọ́ gé ti àgbọ̀n?
Torí pé ohun tó fà á ṣì wà lọ́rùn, òmíràn lè yọ. Wọ́n lè gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kókó àgbọ̀n mìíràn wà tó jọ ọ́ gan-an lábẹ́ maikirosíkóòpù, tí kò sì ti ọ̀dọ̀ parathyroid wá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń yanjú ọ̀rọ̀ náà. Kálísíọ́mù sábà máa ń wà láàárín 8.5 sí 10.5 mg/dL. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tí PTH náà kò sì rẹlẹ̀, ó di dandan kí wọ́n wo ọrùn. Kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti fítámì D wò pẹ̀lú: kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn tipẹ́ lè ti parathyroid ṣiṣẹ́ àṣejù, ibẹ̀ sì ni ìtọ́jú ti máa bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Bí wọ́n bá yọ èyí tó wú lọ́rùn, kókó àgbọ̀n sábà máa ń sún kì láàárín oṣù mélòó kan, egungun á sì tún dí i. Èyí tó bá tóbi jù ni wọ́n lè padà gé.

Eyín mi ń mì. Ṣé kí n fòyà?
Àrùn èrìgì ló ń fa ọ̀pọ̀ eyín tó ń mì. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá tún ní òkúta nínú kíndìnrín, tí òùngbẹ ń gbẹ yín ṣáá, tí ìgbẹ́ ń le, tí egungun ń ro yín, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà eyín kó tó fa eyín kankan. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ kálísíọ́mù àti PTH sí ìwé àyẹ̀wò. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó lè fi ìwé ránṣẹ́ sí OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo, ní Ṣágámù.

Ṣé kí n lọ ra kálísíọ́mù ní kẹ́mísìtì?
Ẹ má ṣe é kí àyẹ̀wò tó jáde. Bó bá ti pọ̀ lẹ́jẹ̀ tẹ́lẹ̀, kíndìnrín lẹ̀ ń pa lára. Bẹ́ ẹ bá ń lo hydrochlorothiazide fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀, torí ó máa ń dá kálísíọ́mù dúró sára.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńkọ́?
Egungun tí wọ́n ti fa kálísíọ́mù lára rẹ̀ tipẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà, ti inú ẹ̀jẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ètè tàbí orí ìka bá ń ṣe yín bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un, tàbí tí ọwọ́ ń ká kò, ẹ má fi òróró pa á. Ẹ padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.