Lífà Ló Bí Wọn: Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Onílífà, Agbára Tó Ṣeé Yí Padà àti Bíréékì Ẹsẹ̀

Nínú ìtàn kẹ̀kẹ́ bí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ṣe ń kọ ọ́, pẹ́dàlì tí ń yí po àti ṣéènì tí ń fa wíìlì ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi joyè. Lífà, ìyẹn ọ̀pá tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lọ sísàlẹ̀ tí ó sì ń padà sókè láìyí po, kì í rí ju gbólóhùn kan tàbí méjì gbà nínú ìwé wọn, wọn a sì mẹ́nu kàn án bí àṣìṣe tí àwọn ará ìgbàanì ṣe kí wọ́n tó gbọ́n. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń mú kí kẹ̀kẹ́ òde òní rọ ènìyàn lọ́rùn: agbára tó ṣeé yí padà bí ọ̀nà bá ṣe rí, wíìlì tó ń sáré lọ nígbà tí ẹsẹ̀ ń sinmi, àti bíréékì tí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mú ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ onílífà ni àìní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́kọ́ ká mọ́, ìtàn rẹ̀ ló sì yẹ kí a fi ṣíwájú.

Ọ̀nà méjì ni lífà ń gbà gbé agbára ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wíìlì. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé kí irin gígùn kan so lífà pọ̀ mọ́ kíránkì, ìyẹn apá irin títẹ̀ tó wà lára wíìlì, kí lílọ bíbọ̀ ẹsẹ̀ lè di yíyí. Àléébù ibẹ̀ ni pé ojú ibì kan wà lókè, òmíràn sì wà nísàlẹ̀, tí kíránkì bá ti dé ibẹ̀, bó ti wù kí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tó, agbára kò ní wọ inú wíìlì. Ọ̀nà kejì ni kí a so okùn awọ tàbí ṣéènì mọ́ lára lífà, kí a wé e mọ́ ìlù kékeré kan ní àárín wíìlì, kí eyín kan sì wà nínú ìlù náà tí yóò di wíìlì mú nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀, tí yóò sì tú u sílẹ̀ nígbà tí lífà bá ń padà. Nínú irú èyí, gbogbo ìtẹ̀ ẹsẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni yíyí agbára padà ti rọrùn jù lọ: bí a bá gbé ibi tí a so okùn mọ́ jìnnà sí ìdí lífà, níbi tí a ti kàn án mọ́ férémù, ìtẹ̀ kan ṣoṣo yóò fa okùn púpọ̀, kẹ̀kẹ́ yóò sì lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yóò wúwo; bí a bá sún un mọ́ ìdí lífà, okùn díẹ̀ ni yóò fà, ẹsẹ̀ yóò fúyẹ́, ó sì dára fún òkè gíga.

Níbo ni ọgbọ́n yìí ti wá? Èmi kò rò pé ọ̀dọ̀ àwọn oníkẹ̀kẹ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ rárá. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́ ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń gbẹ́ igi róbótó: wọn a so okùn mọ́ pákó tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀, wọn a wé okùn náà mọ́ igi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́, wọn a sì so orí rẹ̀ kejì mọ́ ọ̀pá títẹ̀ kan lókè. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ pákó, igi yóò yí. Bí ẹsẹ̀ bá gbé sókè, ọ̀pá òkè yóò fa okùn padà, igi yóò sì yí sẹ́yìn. Ẹni tó bá wo èyí dáadáa yóò rí i pé lífà wà níbẹ̀, okùn wà níbẹ̀, ìlù tí a wé okùn mọ́ wà níbẹ̀, ohun tí ń fa lífà padà náà sì wà níbẹ̀. Eyín tí kò ní jẹ́ kí ìlù fa wíìlì sẹ́yìn nìkan ló kù kí ó di ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, Leonardo da Vinci ya àwòrán ẹ̀rọ ìgbẹ́gi mìíràn tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tí kíránkì àti wíìlì wúwo kan mú kí igi máa yí sí apá kan ṣoṣo láìdúró. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjèèjì tí mo sọ lókè yìí ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé òun lè gun orí wíìlì méjì. Ó sì ṣeé ṣe kí àwọn ahunṣọ, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì wọn ń tẹ igi lábẹ́ òfì ní àtẹ̀gbà, ti kọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn ní ìṣísẹ̀ yìí ṣáájú gbogbo wọn. Bí mo ṣe ń wo ọ̀rọ̀ náà sí, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹsẹ̀ ń bá ṣe ni lífà wà lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó yá, wọ́n gbé e lọ sára ọkọ̀. Stephan Farffler, onísẹ́ aago kan ní Altdorf lẹ́bàá ìlú Nuremberg, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé rìn, ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ní nǹkan bí ọdún 1655, ó sì ń fi ọwọ́ yí i. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹni tó ṣe é fún ìlò ara rẹ̀ sì yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n ti Élie Richard, dókítà kan ní La Rochelle ní ilẹ̀ Faransé, ni ó jẹ mí lógún jù. Jacques Ozanam, onímọ̀ ìṣirò, ni ó tẹ àwòrán àti àlàyé ọkọ̀ náà jáde ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ọ̀gá jókòó síwájú, ó ń darí. Ìránṣẹ́ dúró sẹ́yìn, ó ń tẹ pákó méjì ní àtẹ̀gbà. Àwọn pákó náà sì ń ti wíìlì kéékèèké tó ní eyín, tí a fi pamọ́ láàárín àwọn wíìlì ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Lífà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tí ó ń ti eyín, tí ó sì ń padà kí ó tún lè tì í: ohun tí àwọn onísẹ́ ẹ̀rọ yóò tún gbé jáde ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà nìyẹn, ó ti wà nínú ìwé kí Karl Drais, ará Jámánì tó ṣe ẹ̀rọ oníwíìlì méjì àkọ́kọ́, tó dáyé. Bóyá ọkọ̀ náà rìn dáadáa lójú pópó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí pé òpópónà ìgbà náà kò dán, ìránṣẹ́ kan ṣoṣo kò sì lè ti ọkọ̀ onípákó lọ jìnnà.

Drais fúnra rẹ̀ kò lo lífà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1817, ó gun ẹ̀rọ oníwíìlì méjì rẹ̀ jáde ní Mannheim, ó ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Òun ló fi han ayé pé ènìyàn lè dúró lórí wíìlì méjì láìṣubú, kò sì sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti àwọn tó ń sọ pé ọlọ́lá ará Faransé kan tí ń jẹ́ Sivrac ti ṣe é ṣáájú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1790, òǹkọ̀wé kan ló gbé ìtàn yẹn jáde ní ọdún 1891, kò sì ní ìpìlẹ̀. Àwòrán kẹ̀kẹ́ oníṣéènì tí wọ́n fi sọ́rùn Leonardo kò yẹ kó gba àkókò wa rárá.

Kirkpatrick Macmillan ni a ó fún ní àyè tirẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni ní Keir, ní Dumfriesshire, ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí àwọn ẹbí rẹ̀ dì mú, ní ọdún 1839 ni ó so lífà méjì rọ̀ sí iwájú kẹ̀kẹ́ oníwíìlì méjì, ó fi irin gígùn so wọ́n pọ̀ mọ́ kíránkì wíìlì ẹ̀yìn, ó sì di pé ènìyàn lè máa lọ láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Wọ́n ní ó gùn ún dé Glasgow ní oṣù Kẹfà ọdún 1842, ìrìn tó tó máìlì 68, àti pé ó gbá ọmọdé kan níbẹ̀, wọ́n sì bu owó ìtanràn ṣílè márùn-ún fún un. Ìwé ìròyìn ìgbà náà kò dárúkọ rẹ̀. Ó kàn sọ pé ọkùnrin kan láti Dumfriesshire ni, ó sì kọ ọ́ bí ẹni pé ọwọ́ ni ó fi ń yí ẹ̀rọ náà. Nítorí èyí ni àwọn aṣiyèméjì fi ń sọ pé ìtàn tí James Johnston, ìbátan Macmillan, ń polongo ní àwọn ọdún 1890 ni gbogbo rẹ̀. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi gba òǹkọ̀ròyìn tó wo ẹ̀rọ àjèjì fìrí gbọ́ ju àwọn ará àdúgbò tó mọ alágbẹ̀dẹ wọn lọ. Gavin Dalzell ti Lesmahagow ṣe irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1840, Thomas McCall ti Kilmarnock sì ń ṣe kẹ̀kẹ́ onílífà ní ọdún 1869. Ọgbọ́n kan náà kò ní yọ léraléra ní agbègbè kan bí kò bá sí orísun níbẹ̀. Ní apá gúúsù, Willard Sawyer ti ìlú Dover ń ṣe kẹ̀kẹ́ onílífà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó lẹ́wà, ó sì gbé e lọ síbi Ìpàtẹ Ńlá ti ọdún 1851 ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà náà, kò tíì sẹ́ni tó gbúròó Michaux, ará Paris tí wọ́n máa ń fi pẹ́dàlì yìn.

Àwọn ará Paris gbé pẹ́dàlì sára wíìlì iwájú ní àwọn ọdún 1860, Pierre Lallement gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1866, ọjà sì tẹ̀ lé wọn. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni kẹ̀kẹ́ gíga tí wíìlì iwájú rẹ̀ tóbi gan-an, tí ó sì máa ń dojú ènìyàn délẹ̀. Lífà ni wọ́n padà lọ bẹ̀ láti dín ewu náà kù. Xtraordinary ti ilé iṣẹ́ Singer, tó jáde ní 1878, àti Facile tó tẹ̀ lé e, fi lífà mú kí ẹni tó gùn ún lè jókòó sẹ́yìn díẹ̀. Síbẹ̀, kíránkì ṣì wà lára wọn.

Kẹ̀kẹ́ tó já ìdè náà ni American Star. George Pressey gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1880, ilé iṣẹ́ H. B. Smith ní Smithville, New Jersey, sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Wíìlì kékeré ni ó wà níwájú, ńlá wà lẹ́yìn. Lífà kọ̀ọ̀kan ní okùn awọ, ìlù, eyín ìdìmú àti sípíríǹgì tirẹ̀, ènìyàn sì lè tẹ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí òkè bá le. Ní 1885, wọ́n gun Star sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé aṣòfin ní Washington, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ gíga lè fi ẹsẹ̀ dí pẹ́dàlì lọ́wọ́ kí eré lè rọlẹ̀, nítorí pé pẹ́dàlì àti wíìlì kò yà. Ẹni tó gun Star kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti sinmi, wíìlì ti gba òmìnira nìyẹn, bíréékì tí ó ní lọ́wọ́ nìkan ló sì kù. Ibí yìí gan-an ni àìní bíréékì ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Fíríwíìlì, ìyẹn wíìlì tó ń sáré lọ nígbà tí ẹsẹ̀ ń sinmi, ló bí i, lífà ló sì mú un wá sára Star.

Ọmọ ìyá méjì ní Swídìn, Birger àti Fredrik Ljungström, tí a bí ní 1872 àti 1875, ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bàbá wọn, Jonas Patrik, jẹ́ onísẹ́ ohun èlò ìwọnlẹ̀, ó sì hàn pé inú ilé ni wọ́n ti kọ́ ìfarabalẹ̀ tí irin kéékèèké ń fẹ́. Ní ọdún 1892, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ Svea jáde. Pẹ́dàlì rẹ̀ kì í yí po. Ó ń lọ sókè sódò. Wíìlì ẹ̀yìn rẹ̀ lè sáré lọ nígbà tí ẹsẹ̀ dúró, agbára rẹ̀ ṣeé yí padà fún òkè àti fún pẹ̀tẹ́lẹ̀, bíréékì rẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ níbi tí agbára ènìyàn pọ̀ sí jù lọ. Alfred Nobel, ẹni tó dá dínámáìtì sílẹ̀, gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ débi pé ó fi owó rẹ̀ sí i, wọ́n sì dá New Cycle Company sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa ṣe é. Nobel kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1896, iṣẹ́ náà kò sì pẹ́ tó fi dáwọ́ dúró. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ pé àwọn ọmọdé onírẹ́rìn-ín ni àwọn méjì yìí gbọ́dọ̀ rántí pé àwọn kan náà ni ó padà ṣe ẹ̀rọ ooru Ljungström tó ń yí iná mànàmáná jáde, tí Fredrik sì ṣe ẹ̀rọ ìmóoru-afẹ́fẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ iná ṣì ń lò.

Àwọn tó kórìíra lífà máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ní láti dúró kí ó tún bẹ̀rẹ̀ ní òpin ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, agbára sì ń ṣòfò níbẹ̀. Òótọ́ ni bí ènìyàn bá ń sá eré ìje. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń sá eré ìje.

Ohun tó ṣẹgun Svea kì í ṣe àìdára. Rover tí John Kemp Starley gbé jáde ní Coventry ní 1885 ti fi wíìlì dọ́gbadọ́gba àti ṣéènì gba ọjà, ṣéènì sì rọrùn láti ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kẹ̀kẹ́ oníṣéènì ń wá kiri lẹ́yìn náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1890 ni fíríwíìlì tó tàn ká, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni àwọn tó ń gùn ún sì bẹ̀rẹ̀ sí í nílò bíréékì ẹsẹ̀. Ní 1903, Ernst Sachs ní Schweinfurt, Jámánì, gbé họ́ọ̀bù (ìyẹn àárín wíìlì) Torpedo jáde, tí títẹ pẹ́dàlì sẹ́yìn ń mú bíréékì rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní àkókò kan náà ni gíà mẹ́ta ti Sturmey-Archer dé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ohun tí wọ́n yìn wọ́n fún ti wà lára Svea ní bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú.

Ní nǹkan bí ọdún 1905, ilé iṣẹ́ Terrot ní Dijon gbé Lévocyclette jáde, kẹ̀kẹ́ onílífà tó ní gíà mẹ́wàá: sísún ibi tí a so ṣéènì mọ́ lára lífà ni ó ń yí gíà rẹ̀ padà, gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣàlàyé. Alenax ṣe tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980. Ní 2010, àwọn ará Hungary gbé StringBike jáde, tí okùn méjì ń fa wíìlì ẹ̀yìn rẹ̀ ní àtẹ̀gbà láti ara apá irin kan ní ọ̀tún àti òmíràn ní òsì, tí yíyí ibi tí okùn gbé kọjá lára apá náà sì ń yí agbára padà.