Ọ̀rọ̀ Ìṣe Ló Ń Yan Ọ̀rọ̀ Àpọ́nlé: Bí A Ṣe Ń Fi Agbára Sọ̀rọ̀ Lédè Gẹ̀ẹ́sì

Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa sọ pé aṣọ funfun fíofío tàbí pé òkè ga báláú. Ẹnu àwọn òbí wa la ti gbọ́ ọ pé òkè ló ń ga fíofío, aṣọ ló ń funfun báláú, garawa ló ń kún fọ́fọ́, ẹni tó rẹ̀ ló ń sùn fọnfọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ àpọ́nlé yìí ló ń sọ pé nǹkan pọ̀ tàbí pé ó le, síbẹ̀ a kì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe. Kí ẹ tó tún kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ tàbí àròkọ ìdánwò, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín: ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń yan ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tó máa bá a rìn.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àgbà àti ọ̀dọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa fi kọ̀wé, “seriously” sì ni mo ń rí lemọ́lemọ́ nínú ìwé wọn. Ní Nàìjíríà, òjò ń rọ̀ “seriously”, ebi ń pa wá “seriously”, wọ́n á ní àwọn na olè “seriously”. A gbọ́ra wa yé nínú dánfó àti lọ́jà, mi ò sì rí àbùkù kankan nínú ìyẹn. Àmọ́ tí ìwé bá ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń retí Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò, “seriously” ní àwọn tó ń bá rìn: “seriously ill”, “seriously injured”, “take it seriously”. Òjò a máa rọ̀ “heavily” tàbí “hard”. Ẹni tó sáré dé tó ń mí hẹlẹ, “breathing heavily” ni. Ẹni tí ìjákulẹ̀ dùn wọra, “bitterly disappointed”. Àbámọ̀ jíjinlẹ̀ ni “deeply regret”. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin, “firmly believes”. Ẹni tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe, “vehemently denies”. Ìmọ̀ràn tí a fẹ́ kí wọ́n gbà dandan, “strongly advise” tàbí “strongly recommend” ni. Tó bá wá kan títọrọ àforíjì, ẹ má fi “strongly” síbẹ̀ rárá. “Sincerely apologise” ni wọ́n ń kọ.

Ibi tí ó ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni “hard” àti “hardly”. Wọ́n ti kọ́ wa nílé ìwé pé tí a bá lẹ “-ly” mọ́ ọ̀rọ̀, ó di àpọ́nlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé “hard” náà nílò rẹ̀. Kò nílò rẹ̀. Láti ayé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni “hard” ti ń dá dúró bí àpọ́nlé: “work hard”, “try hard”, “push hard”, “hit hard”. “Hardly” ti bá tirẹ̀ lọ. Agbára káká tàbí “fẹ́rẹ̀ẹ́ má” ló ń sọ báyìí. “I can hardly hear you”: agbára káká ni mo fi ń gbọ́ ohùn rẹ. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ pé “I hardly worked in my last job” ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ fún ọ̀gá tó fẹ́ gbà á pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́ kankan níbi tí òun ti ń bọ̀. Àti pé “kò” ti wà nínú “hardly” tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, a kì í kọ “can't hardly” nínú Gẹ̀ẹ́sì ìwé.

Ìkejì tí mo máa ń tún ṣe fáwọn ènìyàn ni “forcefully” àti “forcibly”. Níbí, Yorùbá ti là á sílẹ̀ fún wa tipẹ́, a kàn ń gbàgbé ni. Tagbáratagbára ni “forcefully”: agbẹjọ́rò tó ro ẹjọ́ rẹ̀ tí ilé ẹjọ́ mì tìtì, “he argued forcefully”. Tipátipá ni “forcibly”: ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún kò gbà, wọ́n sì ṣe é tipátìkúùkù. Wọ́n lé ayálégbé jáde, “forcibly evicted”. Wọ́n gbé ẹnì kan kúrò nínú gbọ̀ngàn, “forcibly removed”. Ìwé ìròyìn wa máa ń kọ “forcefully” sí méjèèjì, ó sì ń dùn mí, torí pé ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: ọ̀kan ń yin agbára ẹni, èkejì ń sọ pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíì tàbí ìfẹ́ inú rẹ̀ sí apá kan. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá kí ẹ fi “tipátipá” sí i. Tó bá wọlé, “forcibly” tàbí “by force” ni kí ẹ kọ.

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà sì lè gba oríṣiríṣi, kí ìtàn yí padà. Ẹ wo “search”. Ọlọ́pàá tó tú gbogbo kọ̀rọ̀ ilé “searched thoroughly”. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù lọ́jà, tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, tó ń sá síwá sá sẹ́yìn, “searched frantically”. Ẹni tí ìrètí ti fẹ́ pin fún, “searched desperately”. Ẹni tó ń wá a lọ́dọọdún tí kò sì yẹsẹ̀, “searched doggedly”. Wíwá náà ni gbogbo wọn ń wá, ṣùgbọ́n a ti mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. “Vigorously” ní okun àti ara yíyá nínú, ìyẹn ni a fi ń lò ó fún eré ìdárayá. “Strenuously” máa ń fẹ́ alátakò: “object strenuously”.

Ẹ ṣọ́ “too”. Àwa máa ń yin ọbẹ̀ pé “ó ti dùn jù”, a sì ń gbé e lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Àṣejù ni “too” ń sọ lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó se ọbẹ̀ sì lè bínú. “So” tàbí “really” ló yẹ.

Ní ti “very”, èdè Faransé àtijọ́ ló ti wá, òótọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Kó tó dé, “swithe” làwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò, tagbáratagbára sì ni ìtumọ̀ tirẹ̀, títí ó fi kú. Bí ọ̀rọ̀ agbára ṣe ń gbó nìyẹn: bá a bá ṣe ń lò ó tó, bẹ́ẹ̀ ló ń rọ̀. “Terribly” àti “awfully” ti ní ẹ̀rù nínú rí, lónìí wọn ò ju “gan-an” lọ. “Very” kì í sì bá ọ̀rọ̀ tó ti dé góńgó rìn dáadáa. “Very tired” dára, ṣùgbọ́n “absolutely exhausted”. “Very angry”, ṣùgbọ́n “absolutely furious”.

Ibi tí àpọ́nlé máa ń wà nínú gbólóhùn kò le: bí Yorùbá ṣe ń ti ilẹ̀kùn tagbáratagbára, bẹ́ẹ̀ ni “she pushed the door hard”. Nígbà míì, ẹ ò tiẹ̀ nílò àpọ́nlé. “Slam” ti ní agbára nínú, “sob” ti ní ẹkún kíkan nínú, “yank” ti ní fífà pẹ̀lú ipá nínú.

Àwọn tó ń múra fún IELTS, ìyẹn ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú ìwọ̀n mẹ́rin tí wọ́n fi ń wo ìwé kíkọ yín ni bí ẹ ṣe ń yan ọ̀rọ̀, bákan náà sì ni máàkì ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wá ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látojú ewé “vehemently”. Ojú ewé “deny” ni kí ẹ ṣí, kí ẹ ka àwọn àpẹẹrẹ tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì da gbólóhùn náà kọ lódindi sínú ìwé yín.