Ètò iṣẹ́ àti ọrọ̀-ajé àwọn olùdíje sí ipò méyọ̀ ìlú Chicago ní ọdún 2023

Nínú ìbò méyọ̀ tó wáyé ní ìlú Chicago, ní ìpínlẹ̀ Illinois lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ọdún 2023, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ọrọ̀-ajé kò ṣeé yà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ààbò. Olùdíje mẹ́sàn-án ló jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì. Nígbà tí kò sí èyí tó gba ju ìdajì ìbò lọ nínú wọn, Paul Vallas àti Brandon Johnson ni wọ́n jọ kojú ara wọn ní ìpele kejì, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin. Lori Lightfoot, tó wà lórí àga nígbà náà, ti fìdí rẹmi ní ìpele àkọ́kọ́. Ìbò náà kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú, àwọn méjèèjì sì ń pe ara wọn ní ọmọ ẹgbẹ́ Democrat. Ìlànà tí kálukú wọn gbé kalẹ̀ ló fi ìyàtọ̀ hàn.

Ìṣòro tí wọ́n bá nílẹ̀ ti pẹ́. Àwọn àdúgbò tó wà ní gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, ti pàdánù iṣẹ́ rẹpẹtẹ láti ìgbà tí ọjà ẹran ńlá Union Stock Yards ti kógbá wọlé ní ọdún 1971, tí ilé-iṣẹ́ irin South Works náà sì tìlẹ̀kùn ní ọdún 1992. Lightfoot ti dá ètò INVEST South/West sílẹ̀ ní ọdún 2019 láti fa owó ìdókòwò lọ síbẹ̀. Ní ọdún 2022, Boeing, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, àti Citadel, ilé-iṣẹ́ ìdókòwò, kéde pé àwọn ń kó olú ilé-iṣẹ́ àwọn kúrò ní Chicago.

Johnson, tó ti ṣe olùkọ́ rí, tó sì bá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìlú náà ṣiṣẹ́, gbà pé àìríṣẹ́ ni gbòǹgbò ìwà ọ̀daràn. Ó ṣèlérí láti sọ iye ọ̀dọ́ tí ìjọba ìlú ń gbà síṣẹ́ di ìlọ́po méjì. Láti rí owó tí yóò fi ṣe é, ó dábàá owó-orí tuntun tí àpapọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 800 dọ́là: lórí òwò ọjà ìdókòwò, lórí epo ọkọ̀ òfuurufú, lórí ilé ìtura àti lórí títa ilé olówó gọbọi. Ó tún fẹ́ dá owó-orí lórí iye òṣìṣẹ́ padà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, èyí tí Rahm Emanuel fòpin sí nígbà tó jẹ́ méyọ̀. Ó ní òun kò ní fi kún owó-orí dúkìá. Ibi tí ètò yìí ti mẹ́hẹ ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wà ní ìkáwọ́ méyọ̀: owó-orí lórí ọjà ìdókòwò nílò àṣẹ ìpínlẹ̀, ti títa ilé sì nílò ìbò aráàlú.

Ní ti Vallas, tó ti fìgbà kan rí darí ètò ìṣúná ìlú náà àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba rẹ̀, ààbò ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí pé oníṣòwò kì í dúró síbi tí ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀. Ó fẹ́ kí ọlọ́pàá pọ̀ sí i, ó tako owó-orí tuntun, ó sì fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní kíláàsì ìparí girama máa kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, kí wọ́n sì máa gbowó. Kò rọrùn láti rí bí èyí yóò ṣe bá gbèsè owó ìfẹ̀yìntì ìlú náà mu, èyí tó ti ju bílíọ̀nù 30 dọ́là lọ.

Johnson ló jáwé olúborí pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú fọwọ́ sí òfin tí yóò fòpin díẹ̀díẹ̀ sí owó iṣẹ́ tó kéré tí wọ́n ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ nítorí pé oníbàárà máa ń ta wọ́n lọ́rẹ. Àmọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2024, aráàlú dìbò tako àfikún owó-orí lórí títa ilé olówó gọbọi. Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Johnson fúnra rẹ̀ dábàá àfikún mílíọ̀nù 300 dọ́là sórí owó-orí dúkìá, gbogbo àwọn aṣòfin 50 sì kọ̀ ọ́ ní oṣù Kọkànlá.