Daylily nínú ọgbà ilé ní Èkìtì: ẹ wo omi kí ẹ tó wo oòrùn

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí pé kí n wá wo òdòdó tó ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ti dá oòrùn lẹ́bi kí n tó dé. Wọ́n á ní ooru Adó ti pọ̀ jù, òdòdó òyìnbó ò lè gbà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá fa ìdí ẹ̀ tu, gbòǹgbò á ti rọ̀, á sì máa rùn. Omi ló pa á. Daylily, òdòdó òyìnbó tí ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí òdòdó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, ò bẹ̀rù oòrùn rárá. Ó kéré tán, ó fẹ́ oòrùn wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ kó tó lè tanná dáadáa. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tàbí tó dà bí àlùkò nìkan ló máa ń ṣá bí oòrùn ọ̀sán bá pọ̀ lórí rẹ̀, ẹ lè gbin ìyẹn síbi tí òjìji máa ń dé lọ́sàn-án. Ohun tí gbogbo wọn ò lè fara dà ni kí ìdí wọn máa rin gbingbin látìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di oṣù keje.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń rà. Lẹ́nu àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, gbogbo nǹkan tí ewé rẹ̀ bá ti gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni lílì. Ẹ ní kí wọ́n fa ọ̀kan yọ fún yín. Bí ìdí rẹ̀ bá rí roboto bí alùbọ́sà, kì í ṣe daylily. Ewé daylily máa ń tò sí apá méjì láti ojú kan náà, abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ kìkì gbòǹgbò tó sanra, tí àwọn kan lára wọn wú. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá, lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, Jàpáànù àti Kòríà. Ní Ṣáínà, wọ́n máa ń ká òdòdó rẹ̀ tí kò tíì là, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á fi se ọbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò níbí o. Púpọ̀ nínú àwọn lílì onídìí roboto tí wọ́n ń tà fún wa ló ní májèlé nínú, ẹni tí kò sì mọ ìyàtọ̀ lè gbé ikú wọ ìkòkò.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ béèrè ni irú daylily tó jẹ́. Àwọn kan wà tí ewé wọn máa ń kú tán nígbà òtútù, tí wọ́n á sùn sínú ilẹ̀ títí ìgbà ooru á fi dé. Irú wọn ò bá wa mu. Ọyẹ́ tiwa kì í ṣe òtútù tí wọ́n ń wá, ńṣe ni wọ́n á máa rù lọ́dọọdún títí wọ́n á fi parẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní evergreen, tí ewé rẹ̀ kì í kú tán, ni kí ẹ mú. Bí ọmọ tàbí àbúrò yín tó wà ní Amẹ́ríkà bá sì ní òun á kó díẹ̀ sínú báàgì bọ̀ wálé, ẹ sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò kó tó wọ orílẹ̀-èdè yìí, kó sì gba ìwé ẹ̀rí láti ọ̀hún pé kò lárùn. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ ni wá lára. Àrùn kan wà tó máa ń da ìyẹ̀fun aláwọ̀ ọsàn sí ẹ̀yìn ewé daylily, bí ìpẹtà. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà, kò sì pẹ́ tó fi tàn ká ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn. Níbi tí ewé kì í ti í kú tán bíi tiwa yìí, kò sí ìgbà tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ ò ní rí ibi dì mọ́.

Ó wá ku ilẹ̀, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní Adó, wọ́n ti fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ojúde, ìwọ̀nba ilẹ̀ tóóró tó ṣẹ́kù lẹ́bàá ògiri ni wọ́n fi sílẹ̀ fún òdòdó. Ilẹ̀ ọ̀hún, yangí ni, àwọn bíríkìlà sì ti da àjẹkù sìmẹ́ǹtì àti fọ́ọ́kú búlọ́ọ̀kù mọ́ ọn. Lókè rẹ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ páànù ń já lu ojú kan náà nígbàkigbà tí òjò bá rọ̀. Kò sí òdòdó tó lè gbádùn ibẹ̀. Ẹ sún ebè yín kúrò lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó kéré tán bí ìṣísẹ̀ kan, kí ẹ sì ṣa gbogbo fọ́ọ́kú náà dànù. Ẹ má gbìn ín sí ìtòsí sọ́kàwé pẹ̀lú.

Kí ẹ tó náwó, ẹ dán ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pọn omi kún un, kí ẹ jẹ́ kó fà tán. Èyí kàn fún ilẹ̀ gbígbẹ mu ni. Ẹ wá pọn ọn kún lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wo aago. Bó bá fà tán láàárín wákàtí mélòó kan, kò séwu. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ṣì dúró síbẹ̀, bí ó ṣe máa ń rí láwọn ibì kan ní Ìkẹ́rẹ́ tí àpáta ti sún mọ́ ojú ilẹ̀, ebè gíga nìkan lọ̀nà àbáyọ. Ẹ fi dígà tú ilẹ̀ náà, kí ẹ kó ilẹ̀dú lé e títí ebè á fi ga tó 25 sẹ̀ǹtímítà ju ilẹ̀ àyíká lọ. Bí ẹ bá fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn kí omi lè ráyè jáde. Mo ti rí ebè tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí yíká pinpin. Agbada ni wọ́n mọ, wọn ò mọ̀.

Fún ajílẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà fún bí oṣù mẹ́ta dára gan-an. Tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Èèpo ìrẹsì láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lọ ìrẹsì ní Ìgbẹmọ-Èkìtì ni mo fẹ́ràn jù láti fi tú ilẹ̀ tó le, ìyẹn èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀, tó ti dúdú. Tuntun rẹ̀, orí ebè ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ilẹ̀ má baà tètè gbẹ, kó má sì kan ọrùn òdòdó. Ẹ ṣọ́ra fún yúríà, ìyẹn ajílẹ̀ òyìnbó. Ewé á tutù yọ̀yọ̀, àlejò á yìn yín, òdòdó ò ní yọ.

Nígbà òjò àkọ́rọ̀, bí oṣù kẹrin, ni kí ẹ gbìn ín. Ẹ gbẹ́ ihò, ẹ kó yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ jọ sáàárín rẹ̀ kó yọ gongo, kí ẹ gbé òdòdó lé e lórí, kí ẹ wá tan gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ yíká. Ojú ibi tí ewé ti pàdé gbòǹgbò kò gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ ju 2 sí 3 sẹ̀ǹtímítà lọ. Bó bá jìn jù, á jẹrà, tàbí kó má tanná. Àlàfo 50 sẹ̀ǹtímítà láàárín ọ̀kan sí èkejì tó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí ni kí ẹ bu omi sí láàárọ̀, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó wọlẹ̀ dáadáa. Ẹ má wọ́n ọn sórí ewé lálẹ́.

Ó lè má tanná lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn kó yín láyà sókè. Nígbà tó bá sì bẹ̀rẹ̀, òdòdó kọ̀ọ̀kan ò ní ju ọjọ́ kan lọ: á là láàárọ̀, á rọ lálẹ́. Ẹ má pè mí pé ó ń kú. Òmíràn wà lórí ọ̀pá kan náà tó ń dúró de ọ̀la, wọ́n sì lè máa là tẹ̀ léra wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ máa já èyí tó ti rọ kúrò kó má baà so èso. Èso ń gba agbára tó yẹ kó fi pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ìdí á ti há, òdòdó á sì dín kù. Ẹ gé ewé rẹ̀ kù bí 15 sẹ̀ǹtímítà, ẹ hú gbogbo rẹ̀, ẹ fi omi ṣan yẹ̀pẹ̀ dànù kí ẹ lè rí ibi tó ti pín. Ọwọ́ lásán máa ń tó fà á ya. Bí ó bá le, ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ là á. Kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìdì ewé méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀. Ẹ tẹ́ wọn sí ibòji di ọjọ́ kejì kí ojú egbò gbẹ, kí ẹ tó gbìn wọ́n. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò tàbí oṣù kẹsàn-án ló yẹ kí ẹ ṣe é, kì í ṣe àárín oṣù keje tí ilẹ̀ ti mu omi yó.

Ewúrẹ́ àti adìẹ àdúgbò, kí ẹ ṣọgbà yí òdòdó ká ni oògùn wọn. Ní ti ológbò, bí ẹ bá ń sìn ín nílé, ẹ má gbin daylily rárá, ẹ má sì gé e sínú ìgò sórí tábìlì, torí ewé rẹ̀ àti òdòdó rẹ̀ lè ba kíndìnrín ológbò jẹ́. Bí ẹ bá rí i tó jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí kò tíì bì.