Ohun tó ń mú kí iye ẹ̀dá pọ̀ sí i, àti ohun tó ń dá a dúró

Àwọn ẹ̀dá irú kan náà tó ń gbé ibì kan náà lásìkò kan náà ni à ń pè ní àwùjọ. Gbogbo ọ̀pọ̀lọ́ inú adágún kan jẹ́ àwùjọ kan. Ẹja ibẹ̀ jẹ́ àwùjọ mìíràn. Tí a bá wá ka gbogbo àwùjọ inú adágún náà pọ̀ mọ́ omi, ẹrẹ̀, afẹ́fẹ́ àti oòrùn tí wọ́n fi ń wà láàyè, ecosystem nìyẹn.

Nǹkan mẹ́rin péré ló ń yí iye àwùjọ padà: ìbí, ikú, àwọn tó wọlé wá, àwọn tó kó jáde. Níbi tí oúnjẹ bá ti pọ̀, tí kò sí ọ̀tá, ìlọ́po-ìlọ́po ni iye ń gòkè. Bakitéríà kan ṣoṣo tó ń pín sí méjì ní ogún ìṣẹ́jú-ogún ìṣẹ́jú á ti lé ní bílíọ̀nù kan ní wákàtí 10. Kì í lọ bẹ́ẹ̀ títí ṣá. Oúnjẹ á wọ́n, ẹ̀gbin á pọ̀, àrùn á sì tètè ràn níbi tí wọ́n ti fún pọ̀. Iye tí ibì kan lè máa bọ́ lọ́dọọdún láìbàjẹ́ ni à ń pè ní iye tí ilẹ̀ gbà.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé bí àwùjọ bá ti dé iye yìí, á kàn dúró jẹ́ẹ́ síbẹ̀. Ó lè ré kọjá. Ní 1944, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà kó àgbọ̀nrín reindeer 29 lọ sí erékùṣù St. Matthew ní Alaska. Kò sí ìkookò níbẹ̀, lichen, ohun kékeré tó ń hù mọ́ ilẹ̀ àti òkúta, tí wọ́n ń jẹ nígbà òtútù, sì bo ilẹ̀. Nígbà tó di 1957, wọ́n ti di 1,350. Ní 1963, nǹkan bí 6,000. Àmọ́ wọ́n ti ń rù, ọmọ wọn sì ti ń dín kù. Lichen kì í tètè hù, wọ́n sì ti jẹ ẹ́ kọjá ibi tó ti lè hù padà, nítorí náà iye tí ilẹ̀ gbà fúnra rẹ̀ ti wálẹ̀. Òtútù líle tó mú láàárín 1963 sí 1964 bá wọn láìsí ọ̀rá lára. Ní 1966, 42 ló kù: abo 41, akọ kan. Ìran wọn parẹ́ níbẹ̀ nígbà tó yá.

Lórí ilẹ̀ tí kò ní igi bẹ́ẹ̀, ojú lásán lè ka ẹran. Ẹja inú adágún ńkọ́? A ó mú 40, a ó sàmì sí wọn, a ó dá wọn padà. Tí wọ́n bá ti dà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, a ó tún mú 50. Ká ní 10 nínú 50 yìí ní àmì, ìdá kan nínú márùn-ún nìyẹn; a jẹ́ pé 40 àkọ́kọ́ náà jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹja: 40 × 50 ÷ 10 = 200.

Àmì ló sábà ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Tó bá bọ́ lára ìdajì ẹja, 5 la ó rí dípò 10, ìṣirò á sì sọ 200 di 400. Àmì tó ń tàn yòò náà burú, torí ẹyẹ á tètè rí àwọn tó ní i, á sì kó wọn jẹ. Tí a bá sì yára dẹ àwọ̀n sí ojúkò tí a ti dá wọn padà, àwọn alámì ni yóò pọ̀ jù nínú rẹ̀: bí wọ́n bá jẹ́ 25 nínú 50, ìṣirò á ní ẹja 80 péré ló wà.